Ṣọ́ọ̀bù wà ní Dùgbẹ̀, ọ̀gá wà ní Akọ̀bọ̀: Bí ẹ ṣe lè lo kọ̀ǹpútà ibi iṣẹ́ yín láti ilé, tí olè kò ní í bá yín wọlé

Alhaja kan wà n'Ìbàdàn tó ń ta abọ́, ìkòkò àti oríṣìíríṣìí ohun èlò ilé ìdáná ní Dùgbẹ̀. A kò ní í dárúkọ rẹ̀, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló bẹ̀ wá bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ẹsẹ̀ yẹ̀ ẹ́ lórí àtẹ̀gùn ilé rẹ̀ ní Akọ̀bọ̀, eegun ọrùn ẹsẹ̀ sì dá. Dókítà ní kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Ẹ̀yin tí ẹ ní ṣọ́ọ̀bù mọ ohun tí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ lè sọ ọjà dà bí ọ̀gá kò bá sí nídìí ẹ̀.

Gbogbo ìṣirò ọjà Alhaja, inú kọ̀ǹpútà kan ló wà lórí tábìlì ìtajà ní Dùgbẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ń kọ ọjà tó wọlé láti Èkó sí, ibẹ̀ ni orúkọ àwọn tó jẹ gbèsè wà, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń tẹ rìsíìtì. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ó ń fi fóònù béèrè bí ọjà ṣe ń lọ, ọmọ ìtajà rẹ̀ á ní, "Ọjà ń lọ, mà." Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, owó tó ń wọ báńkì àti owó tí ọmọ náà ń pè fún un lórí fóònù kò bára mu mọ́. Kì í ṣe pé ọmọ náà jalè o. Ọjà tí àwọn oníbàárà gbà láwìn ló ń kọ pọ̀ mọ́ èyí tí wọ́n ti sanwó rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó dùbúlẹ̀ sí Akọ̀bọ̀, báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀? Alhaja ti ń bínú sí ọmọ ọlọ́mọ, ó tilẹ̀ ti pinnu pé òun máa lé e lọ bí oṣù bá parí.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń kàwé fún oyè kejì ní yunifásítì kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló yọ ọ́ nínú ìṣòro náà. "Màámi, ẹ fara balẹ̀," ló sọ lórí fóònù. "Kọ̀ǹpútà tí mo fi ń ṣe iṣẹ́ ìwádìí mi, inú yàrá kan ní yunifásítì ló wà, agbára rẹ̀ ju ti èyí tí mo lè fowó mi rà lọ. Tí òtútù bá mú lálẹ́, n kì í jáde, orí bẹ́ẹ̀dì mi ni mo ti ń lò ó. Ohun kan náà la máa ṣe sí ti ṣọ́ọ̀bù yín."

Alhaja ní òun kọ́kọ́ rò pé kámẹ́rà ni ọmọ òun ń sọ, irú èyí tí wọ́n ń so mọ́ ògiri.

Kì í ṣe kámẹ́rà. Ohun tí wọ́n ń pè ní Remote Desktop ni. Ẹ ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà alágbèéká yín nílé, ojú kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù á sì yọ sí yín gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe máa rí i bí ẹ bá wà níbẹ̀. Bí ẹ bá gbé máòsì nílé, ti ṣọ́ọ̀bù ló ń rìn. Bí ẹ bá tẹ lẹ́tà kan, inú ìwé ìṣirò ti Dùgbẹ̀ ló bọ́ sí. Kọ̀ǹpútà ti Dùgbẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́, tilé kàn ń gba àwòrán ohun tó ń ṣe ni. Ìdí nìyẹn tí kọ̀ǹpútà ilé kò fi nílò láti lágbára rárá, tí dátà tó ń jẹ kò sì fi pọ̀ bí àwọn èèyàn ṣe rò, àyàfi bí ẹ bá lọ ń fi wo fíìmù.

Ọ̀rọ̀ náà kò tilẹ̀ jẹ́ tuntun. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1940, George Stibitz, onímọ̀ ìṣirò ní Bell Labs, lọ síbi ìpàdé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Dartmouth College, ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀rọ ìṣirò tó fẹ́ fi hàn wọ́n wà ní New York, kò ṣeé gbé. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí wọ́n so mọ́ wáyà ni Stibitz fi ran ìbéèrè lọ sí New York, ìdáhùn sì padà wá lójú gbogbo èrò. Nígbà tó di ọdún 1964, John Kemeny àti Thomas Kurtz ṣètò kọ̀ǹpútà kan sí Dartmouth yìí kan náà, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ púpọ̀ lè lò pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà láti ibi tí kálukú jókòó sí. Ẹ rí i pé láti ilé ẹ̀kọ́ ni nǹkan yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1998 ni Microsoft gbé irú tirẹ̀ jáde fún àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá, nígbà tó sì di 2001, wọ́n fi sínú Windows XP Professional, bó ṣe dé ọ̀dọ̀ àwa oníṣòwò kéékèèké nìyẹn. Nígbà tí ìjọba ti Èkó àti Àbújá pa ní ọjọ́ 30 oṣù kẹta ọdún 2020 nítorí àrùn kòrónà, ọ̀pọ̀ ẹni tí kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí ló sáré wá a kiri.

Ohun kan wà lára bí àwọn yunifásítì ṣe ń ṣe tiwọn tó yẹ ká wò dáadáa. Ọmọ Alhaja kò lè dédé wọ inú kọ̀ǹpútà yunifásítì láti ìta. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba inú VPN ilé ẹ̀kọ́ náà, ìyẹn ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ tí wọ́n là fún àwọn èèyàn wọn nìkan. Bó bá ti tẹ páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ níbẹ̀, fóònù rẹ̀ á dún, á ní kó fọwọ́ sí i pé òun ni. Lẹ́yìn èyí ló tó lè kan ilẹ̀kùn kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, kó tún dárúkọ ara rẹ̀ níbẹ̀. Ó dà bí agboolé tó ní géètì: mẹ́gáàdì gbọ́dọ̀ mọ̀ yín kí ẹ tó dé ẹnu ọ̀nà yàrá. Yunifásítì sì ní àwọn òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa wo ẹni tó ń wọlé àti ẹni tó ń jáde lọ. Ṣọ́ọ̀bù abọ́ kò ní irú wọn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ oníṣòwò ti ń ṣìnà nìyí. Wọ́n á pe ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, onítọ̀hún á wọ inú router, á ṣí ọ̀nà kan tí wọ́n ń pè ní port 3389 sílẹ̀ gbayawu sí ìta. Ó máa ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ọ̀gá á sì yìn ín. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn yàrá ló gbé síta ojú títì yẹn, kò sí géètì, kò sí mẹ́gáàdì. Àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì ní ẹ̀rọ tó ń rìn káàkiri ayé tọ̀sán-tòru, tó ń kan gbogbo ilẹ̀kùn 3389 tó bá rí, tó ń dán páásíwọ́ọ̀dù wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá wọlé, ohun tí wọ́n sábà máa ń ṣe ni pé wọ́n á ti gbogbo ìwé inú kọ̀ǹpútà pa, wọ́n á ní kí ẹ wá sanwó kí àwọn tó ṣí i. Ní ọjọ́ 14 oṣù karùn-ún ọdún 2019, Microsoft kéde àléébù kan nínú Remote Desktop àwọn Windows àtijọ́, èyí tí wọ́n sọ ní BlueKeep, tí olè lè gbà wọlé láì tilẹ̀ mọ páásíwọ́ọ̀dù kankan. Ó burú débi pé wọ́n ṣe àtúnṣe rẹ̀ fún Windows XP pàápàá, bẹ́ẹ̀ láti ọdún 2014 ni wọ́n ti pa XP tì.

Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tó bá ní òun fẹ́ ṣí port 3389 fún yín, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì ní kó fi sílẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú wa kò tilẹ̀ lè ṣe é. Dátà tí à ń rà lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ fóònù, àdírẹ́sì kan ṣoṣo ni wọ́n sábà máa ń pín fún oníbàárà púpọ̀ pa pọ̀, ẹni tó wà níta kò sì lè mọ èwo ni ṣọ́ọ̀bù yín nínú wọn.

Kí wá ni ká ṣe? Ọ̀nà tí ọmọ Alhaja gbà nìyí, òun náà la rò pé ó rọrùn jù fún ẹni tó ní kọ̀ǹpútà kan tàbí méjì. Chrome Remote Desktop ti Google ló lò, ọ̀fẹ́ sì ni. Kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù ló ń jáde lọ bá Google, tilé náà á jáde lọ bá Google, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pàdé, ẹ kò sì nílò láti ṣí ilẹ̀kùn kankan lára router. Ọmọ ìtajà ṣí Chrome ní Dùgbẹ̀, ó lọ sí remotedesktop.google.com, ó ka nọ́ńbà tó yọ síbẹ̀ fún ọmọ Alhaja lórí fóònù, ẹni yẹn sì wọlé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tó wọlé tán ló tó fi àkáǹtì Google ti Alhaja síbẹ̀, tó sì ní kí màmá rẹ̀ fúnra rẹ̀ mú nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ kan tí kò gbọdọ̀ dín ní mẹ́fà. Láti ọjọ́ náà, Alhaja kò nílò kí ẹnikẹ́ni ka nọ́ńbà fún òun mọ́. Gbogbo rẹ̀ kò tó wákàtí kan, a sì mú àkókò tí iná fi lọ kúrò nínú rẹ̀ ná.

Àkáǹtì Google yẹn ti wá di kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù báyìí. Bí páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ bá jẹ́ ọjọ́ ìbí yín tàbí orúkọ àkọ́bí yín, ẹ yí i padà lónìí. Kí ẹ sì lọ sínú rẹ̀, kí ẹ tan ètò tó máa ń béèrè lọ́wọ́ fóònù yín kó tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé. Èyí ni mẹ́gáàdì tiyín.

Àwọn kan á béèrè pé ti Microsoft tó wà nínú Windows fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ó dára, bí ẹ bá ní ẹni tó máa bá yín ṣe VPN síwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Windows tí wọ́n ń pè ní Home kò gba àlejò, Pro ló ń gbà á. Ẹ ṣí Settings, ẹ wọ System, ẹ wo About, ẹ ó rí èyí tí ẹ ní. Nǹkan mìíràn tún wà tí àwọn tó ń ta á fún yín kì í sọ: bí ẹ bá gba ọ̀nà yẹn wọlé, ojú kọ̀ǹpútà á tì mọ́ ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀bù. Fún olùkọ́ yunifásítì tí ọ́fíìsì rẹ̀ ṣófo lálẹ́, ìyẹn dára. Fún ọmọ ìtajà tí oníbàárà mẹ́ta dúró dè, wàhálà ni. Chrome Remote Desktop kì í tì í, ẹ̀yin àti ọmọ ìtajà lẹ jọ ń wo ojú kan náà.

Ní ti TeamViewer àti AnyDesk tí ọ̀pọ̀ yín ti gbọ́ nípa wọn, iṣẹ́ wọn dára, ṣùgbọ́n ìlò ara ẹni ni ọ̀fẹ́ wọn wà fún. Ẹni tó bá fi ṣòwò gbọ́dọ̀ sanwó. Bí TeamViewer bá fura pé òwò lẹ fi ń ṣe, á bẹ̀rẹ̀ sí í já yín kúrò lórí rẹ̀, ó sì lè jẹ́ ìgbà tí ẹ bá nílò rẹ̀ jù ni. AnyDesk náà, wọ́n kéde ní oṣù kejì ọdún 2024 pé àwọn olè wọ inú ẹ̀rọ àwọn, wọ́n sì ní kí àwọn oníbàárà yí páásíwọ́ọ̀dù wọn padà. Bó bá ti pẹ́ tí ẹ ti ń lo ọ̀kan, tí ẹ kò sì tíì yí tiyín, ẹ mọ ohun tó kàn.

Ọ̀rọ̀ iná ló wá kù, òun gan-an sì ni bàbá ìṣòro. Kọ̀ǹpútà tó ti kú, kò sẹ́ni tó lè bá a sọ̀rọ̀ láti ilé. Ní ọjọ́ kẹta tí wọ́n ṣe ti Alhaja, kò rí Dùgbẹ̀ mọ́, ó rò pé wọ́n ti bà á jẹ́ ni. Kò sóhun tó bà á jẹ́. Iná lọ, ínfátà gbé kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rántí so router mọ́ ínfátà. Kọ̀ǹpútà ń ṣiṣẹ́ geerege, íntánẹ́ẹ̀tì ló ti kú. Àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ wà lórí ínfátà kan náà, tàbí kí ẹ ra bátìrì kékeré tí wọ́n ń tà fún router nìkan.

Lẹ́yìn náà, ẹ wọ ètò Power inú Windows, ẹ ní kí kọ̀ǹpútà má sùn mọ́, torí bó bá ti sùn, ẹ kò lè jí i láti ilé. Bó bá jẹ́ alágbèéká ló wà ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ sọ fún un pé kó má sùn bí wọ́n bá pa ìdérí rẹ̀ dé. Èyí tó kẹ́yìn gba kí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá yín ṣe é: nínú BIOS kọ̀ǹpútà orí tábìlì, ètò kan wà tí wọ́n máa ń kọ sí Restore on AC Power Loss tàbí orúkọ tó jọ ọ́. Bí wọ́n bá tan èyí, kọ̀ǹpútà á máa tan ara rẹ̀ nígbàkigbà tí iná bá padà dé. Láìsí i, bí iná bá lọ ní aago mẹ́jọ alẹ́, tó sì dé ní mẹ́sàn-án, títí ilẹ̀ á fi mọ́ lẹ kò ní í rí nǹkan kan.

Ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ ń kọ ọjà sí látijọ́, ẹ má tíì sọ ọ́ nù. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, wáyà mẹ́rin lára èyí tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì gba abẹ́ òkun bàjẹ́ lẹ́bàá orílẹ̀-èdè Ivory Coast, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ló sì fara gbá a. Ẹni tí gbogbo ìṣirò rẹ̀ wà lọ́nà jíjìn kò rí nǹkan ṣe lọ́jọ́ náà.

Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí Alhaja bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, ọkùnrin kan pe fóònù ṣọ́ọ̀bù. Ó ní báńkì wọn lòun ti ń pè, pé ẹ̀rọ POS wọn ní ìṣòro, kí ọmọ ìtajà tètè gba AnyDesk sórí kọ̀ǹpútà, kó sì ka nọ́ńbà tó bá yọ fún òun. Ọmọ náà kò fura. Ṣebí irú rẹ̀ gan-an ló ṣe fún ọmọ Alhaja lọ́jọ́sí? Ó ti ń gbà á wálẹ̀. Ó wá bọ́ sí àsìkò tí Alhaja ń yẹ gbèsè wò láti Akọ̀bọ̀. Ó rí i tí máòsì ń rìn lọ síbi tí òun kò darí rẹ̀ sí, ó rí orúkọ AnyDesk, ó sì pe fóònù tí ọmọ náà ń lò fúnra rẹ̀.

"Kí lò ń gbà sórí kọ̀ǹpútà yẹn?"

"Àwọn báńkì ni, mà. Wọ́n ní kí n ka nọ́ńbà fáwọn."

"Báńkì wo? Gé fóònù yẹn kíákíá!"

Ojú ewé báńkì, níbi tí Alhaja ti máa ń fi owó ránṣẹ́ sí àwọn tó ń kó ọjà fún un, ṣí sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà náà lásìkò yẹn. Ká ní ọmọ náà ka nọ́ńbà tán ni, ìwọ̀nba ìṣẹ́jú ni onítọ̀hún nílò. Báńkì kankan kì í pe oníbàárà pé kó wá ka irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ náà, wọ́n lẹ ìwé kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà: kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ ka nọ́ńbà kankan fún ẹnikẹ́ni lórí fóònù, kódà bó pe ara rẹ̀ ní ọmọ Alhaja, àfi bí Alhaja fúnra rẹ̀ bá kọ́kọ́ pè. Wọn kò sì fi ojú ewé báńkì sílẹ̀ ní ṣíṣí mọ́.

Ẹ kíyè sí àwọn tó ń bá yín tún nǹkan ṣe náà. Ẹ̀yin ni kí ẹ tẹ páásíwọ́ọ̀dù yín fúnra yín, kí ẹni tó ń ṣe é kọjú síbòmíràn. Bí òṣìṣẹ́ kan bá fi yín sílẹ̀, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ yí i padà. Orúkọ àti nọ́ńbà fóònù àwọn tó jẹ yín ní gbèsè wà nínú kọ̀ǹpútà yẹn, òfin ààbò dátà tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà lọ́dún 2023 sì fi ìtọ́jú wọn sọ́rùn ẹni tó gbà wọ́n sílẹ̀. Bó bá jẹ́ Windows 10 ló wà ní ṣọ́ọ̀bù yín, ẹ rántí pé ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni àtìlẹ́yìn rẹ̀ dópin, àfi fún àwọn tó forúkọ sílẹ̀ fún àfikún. Kọ̀ǹpútà tí ẹ fẹ́ máa wọ̀ láti ìta kò yẹ kó wà lórí rẹ̀ láìsí àfikún yẹn.

Ẹsẹ̀ Alhaja ti jiná báyìí, ó sì ti padà sí Dùgbẹ̀. Kò lé ọmọ ìtajà rẹ̀ lọ mọ́. Wọ́n jọ wo ìwé ìṣirò náà láti Akọ̀bọ̀ ni, ó sì fi ibi tó yẹ kó máa kọ ọjà àwìn sí hàn án, bí ọ̀rọ̀ ṣe parí nìyẹn. Ṣùgbọ́n kò fi iṣẹ́ alẹ́ sílẹ̀. Ní aago mẹ́fà àbọ̀, kí wọ́n tó ti ṣọ́ọ̀bù, òun á ti wà nílé, á wọlé wá wo ìṣirò ọjọ́ náà. Ọmọ ìtajà ní òun ti mọ̀ ọ́n: bí máòsì bá ti rìn lásán, òun á kọ "Ẹ kú alẹ́, mà" sórí ìwé, Alhaja á sì kọ èsì sábẹ́ rẹ̀ láti Akọ̀bọ̀.